Fèrèsé Tí Wọ́n Ní Kò Ṣeé Tì

Obìnrin náà wo ọmọ mi láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní funfun pọ̀ lóríṣiríṣi nínú iṣẹ́ àwọn.

"Funfun bíi wàrà wà. Funfun bí eyín wà. Èyí tó ń dán bíi dígí tún wà lọ́tọ̀. Owó wọn ò dọ́gba o. Èwo lẹ fẹ́?"

Èmi ni mo dá a lóhùn. "Ìyá, aṣọ funfun la fẹ́. Èyí tí wọ́n fọ̀ tó mọ́."

Kò tiẹ̀ wojú mi. Màdáámù Òdòdó ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí òun ló ń ṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́ fún àwọn tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, tó sì ń yá wọn ní aṣọ ìyàwó. Òdòdó oníke kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ débi pé bí ènìyàn bá fẹ́ jókòó, ó ní láti kọ́kọ́ kó òdòdó kúrò lórí àga. Òórùn gọ́ọ̀mù gba gbogbo ibẹ̀. Láàárín ṣọ́ọ̀bù náà ni irin kan dúró sí, ó ga ju ènìyàn lọ, ó tẹ̀ lórí bí òṣùmàrè, wọ́n sì fi òdòdó bò ó. Abẹ́ irú rẹ̀ ni ọkọ àti ìyàwó máa ń dúró sí tí wọ́n bá ń jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ara wọn. Láti ìgbà tí a ti wọlé ni ojú ọmọ mi ò ti kúrò lára irin náà.

Ọmọ mi kan ṣoṣo ni. Ó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtajà oògùn, orí ìdúró ló ń wà láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kò sì fi nǹkan bíbéèrè dà mí láàmú rí, àfi pé ó máa ń ní kí n má bá ará àdúgbò jà. Ohun tó fẹ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ò ju aṣọ funfun, òṣùmàrè olódòdó, àti gbọ̀ngàn tó ní fèrèsé gíga lọ. Òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti tọ́jú owó díẹ̀, èmi àti ìyá rẹ̀ fi díẹ̀ kún un, ó parí síbẹ̀. Kò sí ibòmíràn tí a lè yíjú sí.

"Eélòó lẹ ń fi òṣùmàrè yìí yáni lọ́jọ́ kan?" ni mo béèrè.

Ó dárúkọ iye kan. Mo ní kó tún un sọ, bóyá etí mi ló ń dà mí láàmú. Ó tún un sọ, kò yí padà. Wẹ́dà ni mí. Mo mọ iye tí wọ́n ń ta páìpù. Iye tó ní ká fi yá a lọ́jọ́ kan yìí, mo lè fi ṣe bíi mẹ́ta, kí n sì kó gbogbo wọn lọ sílé. Mo dìde, mo ká òdòdó díẹ̀ kúrò lára rẹ̀ kí n lè rí ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Ó wú kúlúkúlú bí ojú ẹni tí agbọ́n ta.

"Bàbá, ẹ má fọwọ́ kàn án!" Màdáámù Òdòdó pariwo. "Iṣẹ́ ọ̀jáfáfá ni o!"

"Ọ̀jáfáfá wo? Ẹni tó ṣe èyí, ṣé ojú oorun ló ti ṣe é?"

Ọmọ mi fà mí láṣọ. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Gbé báàgì ẹ ká máa lọ," ni mo wí. "Màá ṣe tìẹ fún ọ."

Bí a ṣe dé títì, ó so mọ́ mi lápá bí ìgbà tó wà ní kékeré, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bàbá mi, ẹ ò tíì béèrè inú gbọ̀ngàn wo la máa gbé e sí."

"Inú èwo ni?"

Ó sọ ọ́. Mo dúró gbagidi lójú títì, títí ọlọ́kọ̀ kan fi fọn fèrè mọ́ mi tó sì tún bú mi lé e.

Ó yẹ kí n sọ ohun tó wà láàárín èmi àti gbọ̀ngàn yẹn. Nígbà tí ọmọ yìí ṣì ń wọ yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ibẹ̀, èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ fèrèsé fún. Gbogbo fèrèsé gíga tí ẹ bá rí níbẹ̀, ọwọ́ mi yìí ló ṣe wọ́n, àti irin àti ìdè rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kun èyí tó kẹ́yìn, mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí ọ̀dà rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ọkùnrin kan wà tí wọ́n fi ṣe alábòójútó ibẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ máa ń kún ìgbànú rẹ̀, bó bá ń rìn, ẹ ó rò pé ẹṣin ló ń bọ̀. Oníkọ́kọ́rọ́ la ń pè é. Ọkùnrin yìí kó àwọn olówó tó ni gbọ̀ngàn wọlé, ó ní òun fẹ́ fi iṣẹ́ hàn wọ́n. Ó gbá fèrèsé tí ọ̀dà rẹ̀ tutù yẹn mú, ó ń tì í. Ọ̀dà lẹ̀ mọ́ra, kò lọ. Ló bá yíjú sí mi lójú gbogbo wọn, ó ní, "Wẹ́dà, fèrèsé tó o ṣe yìí kò ṣeé tì."

Mo ní ọ̀dà ni. Ó ní kí n pa ẹnu mi mọ́ nígbà tí àwọn ẹni ńlá bá ń sọ̀rọ̀. Àwọn ẹni ńlá yẹn rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó ń dúró dè mí, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọn ò pè mí síṣẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo kó irin iṣẹ́ mi, mo dúró lórí àtẹ̀gùn yẹn, mo búra pé ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ ilẹ̀ inú rẹ̀ mọ́ láéláé. Kò tíì tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá máa gba ibẹ̀ kọjá, òdìkejì títì ni mò ń rìn.

Nígbà tí mo délé tí mo sọ fún ìyá rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Bí wọ́n bá ń san owó oṣù fún ẹni tó ń di nǹkan sínú, à bá ti kọ́ ilé alájà báyìí."

"Ọkùnrin yẹn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́!"

"Ó fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ ẹ wá ńkọ́?"

Mo pe ọmọ náà. Mo ní kó lọ gba gbọ̀ngàn tó bá wù ú, èmi yóò mú un dé ẹnu ilẹ̀kùn, kí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi níbẹ̀, kó mú un wọlé.

"Bàbá mi," ó ní, "bí ẹ ò bá wọlé, èmi náà ò ní wọlé. Àá jọ dúró síta. Jẹ́jẹ́ á máa yọjú wò wá láti inú."

Jẹ́jẹ́ ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ló ń tún ṣe. Àwa la fún un lórúkọ yẹn, nítorí bó bá kan ilẹ̀kùn, ẹ ó rò pé ẹ̀fúùfù ni. Ó jókòó síbẹ̀, ó ní, "Bó ṣe wu Bàbá ni kó rí." Mi ò mọ ìgbà tí mo bínú sí ìwà pẹ̀lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo bá wọn gba gbọ̀ngàn náà. Ti pé èmi yóò wọlé, mi ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ẹ má rò pé Màdáámù Òdòdó nìkan ló fẹ́ fi wá jẹun. A lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe kéèkì. Ó fi àwòrán kéèkì kan hàn wá, ó ga bí àkàbà, ìpele lórí ìpele. Ìyàwó mi ní ó dára. Mo béèrè bóyá àwọn àlejò wa lè jẹ ẹ́ tán.

"Èyí tó wà nísàlẹ̀ nìkan ni wọ́n máa jẹ, sà," arábìnrin náà ní.

"Ta ló wá máa jẹ àwọn tó wà lókè?"

"Páálí ni wọ́n, sà."

"Kí ni?"

"Páálí. A máa ń fi ṣúgà kùn ún lára ni. Bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Mo wo ìyàwó mi. Mo wo arábìnrin náà. "Ṣé kí n pe ènìyàn láti ọ̀nà jíjìn kó wá wo páálí? Ó dáa, yọ páálí náà kúrò, kó o dín owó rẹ̀ kù."

"Páálí náà ló wọ́n níbẹ̀, sà."

Ìyàwó mi ló mú mi jáde, nítorí ohùn mi ti dé ojú títì. Àbúrò rẹ̀ ló pàpà ṣe kéèkì fún wa, pẹrẹsẹ ni, kò ga, ṣùgbọ́n kéèkì ni láti òkè dé ilẹ̀. Ayàwòrán náà ní tirẹ̀. Ó ní òun yóò ya gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kí ojú wọn hàn dáadáa, iye mìíràn nìyẹn. Ẹ wo ọ̀rọ̀! Kí la fẹ́ fi àwòrán tí ojú ò hàn ṣe?

Mo kọjú sí òṣùmàrè ọmọ mi. Mo yan páìpù tó dúró ṣinṣin, mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ yípo ara àgbá ńlá kan, mo jó o pọ̀, mo fi irin fáìlì fá ojú rẹ̀ títí ó fi jọ̀lọ̀ bí ẹyin. Bí ẹ bá di ojú, tí ẹ fi ìka tọ́ ọ, ẹ ò ní mọ ibi tí oríkèé rẹ̀ wà. Odindi ni mo ṣe é. Mo mọ̀ pé àwọn mìíràn máa ń dá a sí méjì, kí wọ́n wá fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì so ó. Èmi kì í lo bóòtù. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ lórí iṣẹ́ ara rẹ̀ ni kó máa wá bóòtù kiri.

Jẹ́jẹ́ yà wá kí mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó rìn yí irin náà ká, ó ní, "Bàbá, ó mà dára o. Ẹ ti wọn ilẹ̀kùn ibẹ̀ ṣá?"

"Mo mọ ilẹ̀kùn yẹn kí ìwọ tó mọ ọ̀nà ilé wa."

Ó ní, "Ó dáa, Bàbá," ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo sì mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Abala méjì ni, igi líle, bí a bá ṣí méjèèjì, ọkọ̀ kékeré lè wọlé. Mo ti rí i lójú mi, mo ti gba inú rẹ̀ kó fèrèsé kọjá láìmọye ìgbà. Kí ni mo tún fẹ́ lọ wọn níbẹ̀?

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó, a fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé òṣùmàrè náà lọ. Ìyá rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fi aṣọ funfun gé òdòdó, wọ́n dì í sínú ọ̀rá ńláńlá. A gbé irin náà gun àtẹ̀gùn. Mo gbójú sókè. Ilẹ̀kùn igi ò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti mọ bíríkì dí apá kan ibẹ̀, wọ́n fi ilẹ̀kùn dígí tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ìyókù, irú èyí tí ẹni tó sanra díẹ̀ yóò fi ẹ̀gbẹ́ wọ̀. A gbé òṣùmàrè náà dúró, kò wọ̀. A dà á dé, kò wọ̀. A fi ẹ̀gbẹ́ gbé e, ó há. Jẹ́jẹ́ tẹjú mọ́ ilẹ̀kùn dígí náà. Kò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi.

Mo gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́.

"Ta nìyí?" Oníkọ́kọ́rọ́ ní. Irun rẹ̀ ti funfun, ikùn rẹ̀ ti yọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ ò yí padà. "Wẹ́dà! Ìwọ rèé! Kí lo tún ṣe báyìí tí kò wọlé? O ò ní téèpù ìdíwọ̀n ni?"

"Ta ló sọ pé kẹ́ ẹ pààrọ̀ ilẹ̀kùn?"

"Ṣé kí n kọ́kọ́ wá gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ ni?"

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mo ní màá gé e sí méjì, màá jó o pọ̀ nínú ilé. Ó ní kí n wo rọ́ọ̀gì, kí n wo kọ́tìnì, kò sí ẹni tó máa tanná wẹ́dà nínú gbọ̀ngàn òun. Ni Jẹ́jẹ́ bá lọ sídìí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó mú bóòtù wá, àti nọ́ọ̀tì, àti sípánà, àti páìpù kékeré kan tó lè wọnú tèmi kó di oríkèé mú. Ó gbé wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí àtẹ̀gùn. Bí ó bá sọ̀rọ̀ ni, mi ò mọ ohun tí ǹ bá fi ṣe é.

Mo fi ayùn irin gé iṣẹ́ ọwọ́ ara mi sí méjì. A lu ihò sí i, a fi bóòtù dán an wò, ó mú. Ó ku kí a gbé e wọlé.

Oníkọ́kọ́rọ́ na apá dí ẹnu ilẹ̀kùn. "Ó ku nǹkan kan o. Ẹni tí kì í bá ṣe Màdáámù Òdòdó ló ṣe ọ̀ṣọ́ rẹ̀, ó máa san owó àlejò."

"Owó àlejò bí ti báwo? Ta ni àlejò? Bàbá ìyàwó ni mí!"

"Ìlànà ni."

"Ìwọ ni Màdáámù Òdòdó ń fún nínú owó ẹ̀ ni?"

"Àbúrò ìyàwó mi ni," ó ní, kò tijú. Ó dárúkọ iye tí a máa san. Kò jìnnà sí iye tí obìnrin yẹn fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀. Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ wa mọ́, àfi èyí tí a fẹ́ fi gbọ́ bùkátà ọ̀la. Mo ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi bú u nígbà tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi, tó ní, "Àmọ́ mo lè gbójú fò ó. Ibi gbogbo tí mo bá dé, wọ́n á ní wẹ́dà kan ń pè mí ní onírọ́, wẹ́dà kan ń pè mí ní aláìmọ̀kan tó fọwọ́ kan ọ̀dà tútù. Ó ti sú mi. Sọ fún mi níbí, lójú àwọn ènìyàn rẹ, pé fèrèsé tó o ṣe kò ṣeé tì. O sọ ọ́ tán, kó irin ẹ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́."

Ẹ ò rí i bí ènìyàn ṣe burú tó?

"Bàbá mi, ẹ má sọ ọ́," ọmọ mi ní. Orí àtẹ̀gùn yẹn ló dúró sí, ó gbá ọ̀rá òdòdó mọ́ra. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Àá ṣe é nínú ilé wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n aṣọ Màámi." Ó yíjú sí Oníkọ́kọ́rọ́. "Ẹ rò pé nítorí rọ́ọ̀gì yín ni mo ṣe fẹ́ ibí? Àwọn fèrèsé bàbá mi ni mo fẹ́ kí wọ́n rí."

Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnìkan ò sọ ọ́ fún mi. Mo rò pé fèrèsé gíga kan lásán ló wù ú, bí nǹkan ṣe ń wu àwọn ọmọbìnrin.

Mo ní, "Kò ṣeé tì."

"Sọ ọ́ sókè. Kí ni kò ṣeé tì?"

"Fèrèsé tí mo ṣe kò ṣeé tì."

Ìyàwó mi yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Oníkọ́kọ́rọ́ mi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbé apá kan òṣùmàrè lé èjìká, mo gbé ẹsẹ̀ mi, mo tẹ ilẹ̀ ibẹ̀. Ilẹ̀ ò là. A gbé irin dúró, mo fún bóòtù le pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, àwọn obìnrin so òdòdó mọ́ ọn. Títí a fi ṣe tán, mi ò wo fèrèsé kankan. Mi ò fẹ́ kí ọkùnrin yẹn rí mi níbi tí mo ti ń wò ó.

Ọjọ́ kejì, àwọn ènìyàn kún inú gbọ̀ngàn. Wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ nítorí ooru. Ọmọ mi wọ aṣọ funfun, mi ò mọ̀ bóyá ti wàrà ni tàbí ti eyín, ó fi ọwọ́ kọ́ mi lápá, a wọlé. Jẹ́jẹ́ ti dúró sábẹ́ òṣùmàrè, ó ń làágùn. Gbogbo ènìyàn dìde. Mo ń wo iwájú mi gan-an.

A dé ìdajì ọ̀nà, ọmọ mi dúró.

Mo rò pé aṣọ rẹ̀ ló há. Ó kó òdòdó ọwọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó yà kúrò lọ́nà, ó gba àárín àga kọjá lọ sídìí fèrèsé kan. Mo mọ fèrèsé náà, èyí tí mo kùn kẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn ni. Mo lè mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn. Ìka méjì péré ló fi fà á. Ó wá wẹ́rẹ́, kò dún, àfi ìgbà tó dé àyè rẹ̀ tó ró *kẹ́* báyìí, bí ẹni tó pa ẹnu dé. Ó ṣí i. Ó tún tì í. *Kẹ́.* Ayàwòrán sáré lọ síbẹ̀, ó yà á, kò sì béèrè bóyá ojú ẹnikẹ́ni hàn. Ẹni tó fẹ́ so ọkọ àti ìyàwó pọ̀ wúkọ́. Àwọn ará ilé ọkọ ń wo ara wọn. Oníkọ́kọ́rọ́ dúró ní ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ́hùn-ún, ó fi ọwọ́ méjèèjì di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú, wọn ò ró.

Ọmọ mi padà wá, ó gba òdòdó rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Bàbá mi," ó ní. "Jẹ́jẹ́ ti fẹ́ẹ́ dákú."

Àwòrán yẹn wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, ọwọ́ ìyàwó lára fèrèsé mi. Mo gbé e kọ́ síbi tí ẹni tó ń kọjá lójú títì fi lè rí i. Oníkọ́kọ́rọ́ ti gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan. Òdìkejì títì ló rìn. Kò tíì wá bẹ̀ mí, mi ò sì tíì gbàgbé ohun tó mú mi sọ lórí àtẹ̀gùn yẹn. Bó bá rò pé ó ti tán, irọ́ ló ń pa fún ara rẹ̀.